Bíréèkì Alùpùpù Màmá Nọ́ọ̀sì

"Sọ ohun tí o rí fún mi. Má sọ ohun tí o rò."

Bàbá na irin náà sí ọmọbìnrin rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan ni, ó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Awọ dúdú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti jẹ tán débi pé orí àwọn ìṣó kéékèèké tí wọ́n fi kàn án mọ́ irin ti ń yọjú. Ṣúù bíréèkì ni wọ́n ń pè é. Méjì ni wọ́n máa ń jẹ́ nínú ẹsẹ̀ iwájú alùpùpù. Bí ẹni tó ń gùn ún bá fún bíréèkì lọ́wọ́, àwọn méjèèjì a là, awọ ẹ̀yìn wọn a fún mọ́ inú ilé bíréèkì, táyà a sì dúró.

Ọmọbìnrin náà gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà kí ìmọ́lẹ̀ lè bà á. "Awọ ti tán, Bàbá. Àwọn ìṣó ti yọrí síta. Nọ́ńbà wà lára irin, ṣùgbọ́n ìpẹtà ti jẹ èyí tó gbẹ̀yìn. Ó lè jẹ́ mẹ́ta, ó lè jẹ́ mẹ́jọ."

"Ṣé o rí i? 'Ó lè jẹ́.' Bẹ́ẹ̀ ni kí ọmọ mẹkáníìkì máa sọ̀rọ̀." Bàbá gba irin náà padà, ó fi àtàńpàkò yí i ká bí ẹni tó ń yẹ ara ọmọ tí ibà mú wò.

Ó ti ṣe díẹ̀ tí nǹkan funfun ti ń bo ojú Bàbá. Ó ṣì rí ọ̀nà, ó ṣì dá ènìyàn mọ̀ lókèèrè, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbàgbé nǹkan kan. Ó lè tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ kí ó tò ó padà bí ẹni ń dirun. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kékeré, tàbí ìlà tó sán lára irin bí fọ́nrán irun, ìwọ̀nyẹn ti ju agbára ojú rẹ̀ lọ. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Títí dìgbà tí apá wọn yóò fi ká iṣẹ́ abẹ náà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ojú rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, kò ní tíì bọ́ yúnífọ́ọ̀mù tán tí yóò ti gbọ́, "Wá bá mi wo nǹkan yìí."

Alùpùpù àtijọ́ nìkan ni Bàbá ń tún ṣe, àwọn tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ti kógbá sílé kí wọ́n tó bí ọmọ náà. Páàtì wọn kò sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan mọ́. Orí ayélujára ni wọ́n ti ń wá a, iṣẹ́ ọmọ náà sì nìyẹn. Yóò jókòó sórí ògbólógbòó táyà kan lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa ti ojú òpó kan bọ́ sí òmíràn lórí fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti sán, títí yóò fi rí ohun tí wọ́n ń wá. Wẹ́dà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tiwọn, ló sọ ọ́ ní Àwárí. "Àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀," ni yóò máa kígbe láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, "tiwa yìí, kábúrétọ̀ ló ń wá!" Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ẹni tó ni alùpùpù tọjọ́ náà jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú síwájú. Màmá Nọ́ọ̀sì ni. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn kò gbà pé ó ti fẹ̀yìn tì. Láti ilé dé ilé ló ń lọ, ó ń wẹ egbò, ó ń fún wọn lábẹ́rẹ́. Alùpùpù tí ọkọ rẹ̀ gùn títí tó fi kú ló fi ń ṣe é.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì," ó ní, "ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò mí lójú. Ṣé yóò dìde, àbí ká máa ṣètò ìsìnkú?"

"Yóò dìde, Màmá. Ṣúù bíréèkì nìkan ló kù. Àgbàlagbà kan wà lókèèrè tó máa ń ṣe àfirọ́pò rẹ̀. Ìṣó ló fi ń kan awọ mọ́ irin, bíi ti àtijọ́. Tirẹ̀ wọ́n o, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé."

"Àfirọ́pò? Ayédèrú kọ́ nìyẹn?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Àfirọ́pò ni ẹni tó sọ fún ọmọ pé òun kọ́ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n òun yóò tọ́ ọ. Ayédèrú ni ẹni tó wọ aṣọ bàbá rẹ̀ wọlé."

Màmá Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ó wá ki ọwọ́ sínú báàgì, ó kó owó fún un. "Ẹ gbà. Bí Àwárí bá rí èyí tó dára tí kò wọ́n tó ti àgbàlagbà yẹn, ẹ fi ìyókù kún ti iṣẹ́ abẹ ojú yín. Mo fẹ́ kí ẹ rí mi dáadáa kí n tó darúgbó."

"Ẹ ti darúgbó tipẹ́, Màmá!" Wẹ́dà ló ń sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé.

"Ìwọ tí o ń wo iná wẹ́dà láìfi nǹkan bojú, ogbó tèmi lo wá rí!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àwárí náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dúró sí i lọ́kàn: ìyókù.

*

Bàbá ní òfin méjì lórí ọjà orí ayélujára. Èkíní: kí a tó sanwó, kí ẹni tó ń tà á gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ páàtì náà kí ó ya fọ́tò tuntun. Ẹni tí kò bá lè gbé rúlà sí i, kò ní in nílé. Èkejì: kí a ka ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ráhùn kí a tó ka ti àwọn tó ń yìn. "Ẹni tí inú rẹ̀ dùn kì í ṣàlàyé," ni Bàbá máa ń wí. "Ẹni tí ọjà bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ló ń sọ ibi tó ti bàjẹ́."

Àwárí kọ́kọ́ ṣí ojú òpó àgbàlagbà ọ̀hún. Owó rẹ̀ wúwo lóòótọ́. Ó tún wá a lọ, ó wá a bọ̀, títí ó fi kan ṣọ́ọ̀bù kan tí gbogbo ojú òpó rẹ̀ pupa fún àkọlé ẹ̀dínwó. Ṣúù bíréèkì kan náà, ìṣó lára rẹ̀ kedere nínú fọ́tò, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti àgbàlagbà. Ó ní kí wọ́n gbé rúlà sí i kí wọ́n yà á. Wọ́n ní kò sí wàhálà, wọ́n sì tún fi fọ́tò kan náà ránṣẹ́.

Ó wo fọ́tò náà dáadáa. Irin náà wà lórí tábìlì onígi kan, ojú tábìlì náà sì ní àpá kan bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ó ti rí ẹsẹ̀ ẹyẹ yìí rí. Ó padà sí ojú òpó àgbàlagbà. Tábìlì kan náà ni. Wọ́n jí fọ́tò bàbá arúgbó náà ni.

Ọ̀rọ̀ ìyìn pọ̀ lábẹ́ ọjà náà bí erùpẹ̀. Ẹyọ ìráhùn kan ló wà láàárín wọn: "Awọ rẹ̀ ṣí."

Ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ alùpùpù àtijọ́ kan wà lórí fóònù tí Àwárí wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Ẹnìkan tó ń pe ara rẹ̀ ní Ẹ̀dínwó, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ojú rẹ̀, ló kọ́kọ́ fèsì.

"Rúlà? Ṣé o fẹ́ rán ṣòkòtò fún alùpùpù ni? Rà á jàre! Àwa ń rà lọ́wọ́ wọn."

Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. "Àwárí ń bẹ̀rù o!" ni ọ̀kan kọ. Òmíràn sì kọ ọ́ pé, "Bàbá rẹ̀ ló ń bẹ̀rù, òun kàn ń di aṣọ bàbá mú lẹ́yìn ni."

Èyí ta á lára. Ó ro ojú bàbá rẹ̀. Ó ro ẹsẹ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì tó wú. Ó ro bí yóò ti gbé ìyókù owó náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, tí ìyá rẹ̀ yóò dá iṣẹ́ ìránṣọ dúró láti wo ojú rẹ̀. Ìgbà tó ro gbogbo èyí tán, ẹsẹ̀ ẹyẹ ara tábìlì kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Ó sanwó.

"Bàbá, mo ti rí èyí tó dára. Kò wọ́n rárá."

"Ṣé ó gbé rúlà sí i?"

"Ó gbé e sí i, Bàbá."

Irọ́ kékeré ni. Kò wúwo lẹ́nu rárá.

*

Nígbà tí ọjà dé, kò sí ìṣó kankan lára rẹ̀. Gúlù ni wọ́n fi lẹ awọ mọ́ irin. Bàbá fi ìka wá a yíká. "Ìṣó ńkọ́?"

"Gúlù ni wọ́n ń lò báyìí, Bàbá."

"Òótọ́ ni, àwọn kan ń lò ó, ó sì ń dára. Epo ni yóò sọ."

Ìlànà ṣọ́ọ̀bù náà nìyẹn. Ṣúù tuntun kì í wọnú alùpùpù láìsùn nínú agolo pẹtiróòlù mọ́jú. Láàárọ̀, wọn yóò gbé e jáde, wọn yóò fi èékánná wá etí awọ rẹ̀ yíká. Bí gúlù rẹ̀ kò bá dára, epo yóò ti tú u wò, etí awọ yóò ṣí. Bí ó bá ṣí, kò sí ẹjọ́, ó di ohun ìsọnù. Àwọn mẹkáníìkì mìíràn a máa fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ lórí èyí. Òun a ní, "Wọ́n ní ká ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é, kó lè rí bó ti ń rí."

Wẹ́dà gbọ́ iye tí wọ́n ra ọjà náà, ó ju ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sókè. "Ẹ̀yin ará, ẹ wá wo ọmọ! Ọmọ yìí lè ra òṣùpá ní ẹ̀dínwó!" Bàbá kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì pẹ́ kí ó tó gbé e kúrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àwárí ló kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ṣúù àkọ́kọ́ jáde nínú epo, ó nù ún, ó fi èékánná wá a yíká. Ó dúró gbọin. Ó gbé èkejì. Èékánná rẹ̀ rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ, ó rìn, ó rìn, nígbà tó dé ìpẹ̀kun, ó wọlé.

Ó tún un wò. Ó tún wọlé.

Ó kọ̀wé sí àwọn tó tà á. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà kò lọ. Wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn lórí fóònù. Ó kọ̀wé sí Ẹ̀dínwó.

"Ta ló tún ń ri bíréèkì sínú epo?" ni ìyẹn fèsì. "Fi gúlù sí i, fi fáìsì fún un pọ̀. Ta ni yóò mọ̀?"

"Ìwọ nígbà tí o ra tìrẹ, ṣé ó ṣe bẹ́ẹ̀?"

Èsì rẹ̀ dé: "Kí n sọ òótọ́, èmi gan-an ò tíì rà lọ́wọ́ wọn rí."

Àwárí jókòó sórí táyà. Kò sí ohun tó rọrùn bíi kí ó dúró de Bàbá, kí ó sì sọ pé, "Ó ṣí." Ṣùgbọ́n Bàbá yóò béèrè fọ́tò tó ní rúlà. Wẹ́dà yóò gbọ́. Owó ti lọ. Màmá Nọ́ọ̀sì yóò tún máa fẹsẹ̀ rìn títí ti àgbàlagbà yóò fi dé, ìyókù tí wọ́n ti fi kún owó ojú yóò sì tún jáde padà. Àná ni Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí.

Ọmọ mẹkáníìkì ni. Ó mọ bí wọ́n ti ń tún nǹkan ṣe, nítorí náà ó mọ bí wọ́n ti ń bò ó. Ó ha inú ibi tó ṣí, ó fi gúlù sí i, ó gbé e sẹ́nu fáìsì, irin tó ń di nǹkan mú gírígírí, ó fún un pọ̀. Nígbà tó gbẹ, ó fi sáńpépà ra etí rẹ̀ títí ó fi dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bàbá wọlé, ó gbé imú sókè. "Gúlù ń rùn."

"Wẹ́dà ló ń lẹ nǹkan, Bàbá."

Bàbá gbé àwọn ṣúù náà, ó fi ìka wá etí wọn. Ó dán. Ó yí ojú sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. "Ìka mi ò rí ohun tójú ń rí. O wò ó dáadáa? Ṣé ó dúró?"

"Ó dúró, Bàbá."

*

Màmá Nọ́ọ̀sì dé kí wọ́n tó parí. Ó ti gbé báàgì abẹ́rẹ́ kọ́ apá. "Mo ti sọ fún àwọn aláìsàn mi pé kí wọ́n má tíì kú, mò ń bọ̀," ló wí.

Bàbá di bóòtù tó gbẹ̀yìn, ó nu ọwọ́, ó nawọ́ gán akoto. Òfin rẹ̀ nìyẹn pẹ̀lú: ẹni tó tún un ṣe ni yóò kọ́kọ́ gùn ún. "Ohun tí mi ò lè fi ara mi lé, n kò ní fi ara ẹlòmíràn lé e," ni yóò máa wí. Yóò gùn ún sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ òkè, yóò yí i padà, nígbà náà ni ẹni tó ni ín yóò tó gbà á.

Àwárí mọ òfin yìí bó ti mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó ti ń sọ fún ara rẹ̀ láti àárọ̀ pé gúlù náà yóò mú un. Nísinsìnyí tí Bàbá gbé ẹsẹ̀ kọjá alùpùpù, ọmọ náà sáré súnmọ́ ọn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

Bàbá yíjú padà. "Kí ló dé?"

Gbogbo wọn ń wò ó. Màmá Nọ́ọ̀sì ń wò ó pẹ̀lú báàgì lápá. Wẹ́dà ti gbé ojú sí fèrèsé.

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá."

"Ó fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ jó fún òun ni!" ni Wẹ́dà wí. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ́ńjìnnì, alùpùpù náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohùn rẹ̀ dùn débi pé Màmá Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́.

Wọ́n gbọ́ bó ti ń lọ. Wọ́n gbọ́ nígbà tó fún bíréèkì níwájú ilé àkọ́kọ́, tó sì dúró. Wọ́n gbọ́ nígbà tó tún gbéra. Lẹ́yìn náà, ìró kan dún ní ìsàlẹ̀ òkè, bí ìgbà tí ènìyàn ń wọ́ àpótí irin lórí sìmẹ́ńtì. Gbogbo nǹkan sì dákẹ́.

Màmá Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sáré, ti òun ti ẹsẹ̀ wíwú rẹ̀.

Táyà iwájú ti gan pa. Kò yí síwájú, kò yí sẹ́yìn. Ó ti ta Bàbá nù, alùpùpù sì ti wó lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ẹ̀bá kọnkéré. Akoto gba orí rẹ̀ là. Ọwọ́ kò ní akoto.

*

Dókítà ní egungun ọwọ́ náà ti rún. Yóò jiná, ṣùgbọ́n kò ní lè di sípánà mú mọ́. Owó tí wọ́n ti ń tọ́jú fún iṣẹ́ abẹ ojú, ìtọ́jú ọwọ́ ló kó gbogbo rẹ̀.

Wẹ́dà tú ẹsẹ̀ iwájú alùpùpù náà. Ó gbé ohun tó rí wá sílé ìwòsàn nínú aṣọ: awọ bíréèkì kan tó ti bọ́ lára irin, tó ká, tó sì há sí àárín. "Ẹ wò ó! Awọ ló ṣí. Àwọn gbájúẹ̀ orí ayélujára ló fẹ́ pa yín!"

Bàbá mi orí lórí ìrọ̀rí. "Kò rí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀rí rèé lọ́wọ́ mi, Ọ̀gá!"

"Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ náà sun inú epo mọ́jú. Ọmọ mi wò ó, ó ní ó dúró. Èmi ni. Bóyá mo kọ́ sípíríńgì rẹ̀ sódì ni, tó wá fa awọ ya. Ọwọ́ mi ti ń gbó, mi ò sì mọ̀." Ó gbé ojú lé ọwọ́ tí wọ́n dì. "Màmá Nọ́ọ̀sì ni ìbá gùn ún tẹ̀ lé e. Ẹ bá mi ta àwọn irinṣẹ́ yẹn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe irú èyí kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ wá fún."

Ìyá Àwárí ń sunkún láìfọhùn. Wẹ́dà ká aṣọ rẹ̀ padà. Kò sí ẹni tó wo ọmọ tó dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Bí ó bá dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láéláé. Gbájúẹ̀ wà tí wọn yóò máa bú. Bàbá kan sì wà tí yóò máa gba ẹ̀bi ohun tí kò ṣe, títí yóò fi kú.

"Ó ṣí, Bàbá," ni Àwárí wí.

Ohùn rẹ̀ kéré débi pé ìyá rẹ̀ ní kí ó tún un sọ.

"Ó ṣí nínú epo. Mo rí i. Èékánná mi wọlé. Èmi ni mo fi gúlù lẹ̀ ẹ́. Wẹ́dà kò lẹ nǹkan kan láàárọ̀ yẹn. Wọn ò sì gbé rúlà sí i. Mo rí i pé wọ́n jí fọ́tò náà ni, mo sì rà á."

Ìyá rẹ̀ dìde bí ẹni tó fẹ́ gbá a létí, ó tún jókòó.

Bàbá kò pariwo. "Epo wà nínú agolo," ó ní. "Ìwé wà tí à bá kọ sí àgbàlagbà yẹn. Dídúró díẹ̀ ni gbogbo ohun tí ìbá gbà wá. Kí lo bẹ̀rù?"

"Mo bẹ̀rù pé ẹ ó bínú sí mi."

"Ǹ bá bínú." Ó yí ojú sí ògiri. "Ìbínú mi kì í rún egungun."

*

Bàbá padà sílé. Ó tó àkókò kan tí Àwárí rò pé ọ̀rọ̀ náà ti ń rọlẹ̀, nítorí Bàbá ń dá a lóhùn bó bá kí i, ó sì ń jẹ oúnjẹ tó bá gbé fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí Bàbá tó mú páálí oògùn rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, tó ń gbé e súnmọ́ ojú, tó ń gbé e jìnnà. Àwárí dìde.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín kà á, Bàbá."

"Jókòó," ni Bàbá wí jẹ́jẹ́. Ó wọ bàtà, ó rìn jáde, ó gba inú oòrùn kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Wẹ́dà, kí Wẹ́dà lè bá a ka ìgbà tí òun yóò lo oògùn.

Màmá Nọ́ọ̀sì ń wá tọ́jú ọwọ́ náà, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn wá. Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó wá gbé alùpùpù ọkọ rẹ̀. Àwárí bá a tì í gòkè. Àwọn méjèèjì ń mí gúlegúle títí wọ́n fi dúró sinmi.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin náà ń bínú sí mi?"

"Mo ń bínú." Màmá Nọ́ọ̀sì nu òógùn ọrùn rẹ̀. "Ẹnìkan wà tí mò ń tọ́jú nígbà kan rí. Egbò kékeré yọ sí i lẹ́sẹ̀, ojú ń tì í, ó fi aṣọ dì í. Bí mo bá ti dé, á ní ara òun yá. Ìgbà tí òórùn rẹ̀ fi jáde, gígé ló kù. Mi ò bínú sí egbò rí, ọmọ mi. Egbò ń yọ sí gbogbo ènìyàn. Aṣọ tí wọ́n fi bò ó ni mo ń bínú sí." Ó tún di ọwọ́ alùpùpù mú. "Tì í. Ilé ò jìnnà mọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ojúgbà Àwárí, ẹ má sọ pé ọjà pọ́ọ́kú ló rún ọwọ́ Bàbá. Ọjà tí kò dára wà níbi gbogbo, gbájúẹ̀ sì wà nínú gbogbo ọjà. Ìdí tí Bàbá fi ní agolo epo nìyẹn. Agolo náà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ó sọ òótọ́ fún ẹni tó wò ó, ẹni tó wò ó ló gbé òótọ́ náà pamọ́. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwárí ra tirẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn ló sì fi san án. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tí kò tíì ju àṣìṣe lọ. Ìtìjú ọjọ́ kan kì í pani. Ọ̀rọ̀ tí a bò mọ́lẹ̀ kì í sì í bi wá léèrè ẹni tí yóò gùn ún lọ sí ìsàlẹ̀ òkè.

Wọ́n dárí ji Àwárí. Bàbá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó ṣì ń jókòó nítòsí bàbá rẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, ó ń retí kí Bàbá tún ní kí òun wá bá a wo nǹkan.

Kò tíì pè é.